Ọ̀rọ̀ Tí Mo Kọ Sára Kànga

Títí di òní, ìyá mi kò tíì gbà pé iṣẹ́ gidi ni mò ń ṣe. Bí àwọn èèyàn bá bi í pé kí ni ọmọ rẹ̀ obìnrin ń ṣe ní yunifásítì, á ní, “Òkúta ni. Ó kàwé títí, ó wá di dókítà òkúta.” Lẹ́yìn náà á mi orí bí ẹni pé àìsàn ni mo kó. Kò parọ́ mọ́ mi. Onímọ̀ ilẹ̀ àti òkúta ni mí, omi abẹ́ ilẹ̀ ni mo sì ń ṣèwádìí rẹ̀: ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ọ̀nà tó gbà débẹ̀. Ìlú kan ní Èkìtì ni bàbá mi ti wá, ṣùgbọ́n Ìlọrin ni wọ́n bí mi sí, níbi tí òun àti ìyá mi ti ń ta ìwé àti bírò ní Táíwò Road. Ìlọrin ni mo ti kọ́ a, b, d. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ìjà jíjà. Ibẹ̀ náà ni mo padà sí nígbà tí iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń fọ́ òkúta sú mi, tí mo lọ ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì.

Bí mo bá sọ iṣẹ́ mi fún ará Ìlọrin, ohun àkọ́kọ́ tí á bi mí ni bóyá mo ti rí òkúta tí wọ́n ń lọ irin lórí rẹ̀ láyé àtijọ́, èyí tí wọ́n ní ìlú ti gba orúkọ lára rẹ̀. Mo ti rí i. Òkúta ni. Èyí tó ká mi lára ni òkúta tí a kò rí, tó tẹ́ sábẹ́ ilé gbogbo wa. Ó le, kò gba omi. Omi tí à ń fà nínú kànga, inú ilẹ̀ rírọ̀ tó bò ó lórí ló wà, àti inú àwọn ibi tí òkúta náà ti là. Inú ilẹ̀ rírọ̀ kan náà la sì ń gbẹ́ ṣáláńgá sí. Bí òkúta bá là láti ọ̀dọ̀ ṣáláńgá dé ọ̀dọ̀ kànga, ohun tó wà nínú ọ̀kan á rìn lọ bá èkejì, kò ní béèrè ẹni tó nilé. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí ní kíláàsì títí ó fi sú èmi gan-an.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo yan kànga mẹ́tàlá ní àdúgbò àtijọ́ tó yí Ọjà-Ọba ká, mo fẹ́ mọ irú omi tó wà nínú wọn. Èyí tí omi rẹ̀ dùn jù wà ní agboolé kan tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní kéú láti ayé bàbá ńlá wọn. Bàbá ńlá yẹn ló gbẹ́ kànga náà, ó sì fi ṣe sàráà, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ máa pọn nínú rẹ̀, kí láádá rẹ̀ sì máa tọ̀ ọ́ lọ nínú sàréè. Omi náà tutù, ó ń dán, kò ní òórùn kankan. Àwọn ará àdúgbò ń wá pọn ọ́n. Òun náà ni wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá ní mọ́ṣáláṣí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìyàwó ilé kan níbẹ̀, tó ń ta ìbòrí ní Ọjà-Ọba, ló máa ń bá mi fa omi náà, torí ó ní ọwọ́ alákọ̀wé kò mọ okùn fà. Ó ní ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọdún méjì. Ìgbẹ́ gbuuru kì í wọ́n lára ọmọ náà. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n á sì tún ṣe hàntú fún un nílé: àfáà àgbà tó jẹ́ olórí agboolé á kọ Àlùkùránì sí pátákó wàláà, á fi omi ṣan án, wọ́n á sì fún ọmọ mu. Omi kànga yẹn ni wọ́n fi ń ṣan án.

Ìgbà ọyẹ́ ni èsì àyẹ̀wò dé. Mo jókòó tì í ní ọ́fíìsì, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbẹ́ èèyàn wà nínú omi púpọ̀ nínú àwọn kànga mi, ti ilé kéú yìí ló sì burú jù. Kí ni mo wá ṣe? Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo pa ìwé dé. Bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. A kì í dá èsì ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sọ láìtíì yẹ ti ìgbà òjò wò, torí ẹni tó bá sáré sọ̀rọ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn. N kò rí nǹkan kan tó burú níbẹ̀ nígbà náà. Mo ń retí òjò.

Òjò dé. Mo padà lọ bu omi, ìyàwó ilé sì jáde sí mi pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ọmọ ti gbẹ, ojú rẹ̀ ti jìn sínú. Ìyá rẹ̀ ní àná ni wọ́n tó kúrò nílé ìwòsàn. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń fa okùn, bó ṣe fà á tán ló bu omi sínú kọ́ọ̀pù, ó gbé e sí ọmọ lẹ́nu. Mo gba kọ́ọ̀pù náà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ má fún un ní omi yìí mọ́. Ẹ máa sè é, ó kéré tán.”

“Ó dáa, Àǹtí. Màá máa sè é.”

Ó yẹ kí ó tán síbẹ̀, kí n lọ jókòó ti àwọn àgbà ilé, kí n ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n oníbìínú ni mí, n kò sì fi bò. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Táíwò Road, mo ra ọ̀dà pupa àti búrọ́ọ̀ṣì, mo padà wá, mo sì fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sí etí kànga: OMI YÌÍ KÒ MỌ́. N kò bi ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ kéú ń wò mí láti inú kíláàsì wọn, mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí wọn. Lójú ara mi, mo ti ṣe gudugudu méje.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Gbogbo agboolé ti pé jọ síbi kànga. Àfáà àgbà jókòó sórí ẹní, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè rárá.

“Ìwọ lo kọ nǹkan yìí?”

“Èmi ni, Bàbá.”

“Omi yìí kò mọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Kò mọ́.”

Ariwo ta láàárín àwọn ọkùnrin. Bàbá gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dákẹ́. Ó ní kí wọ́n fa omi wá. Ó gbé igbá, ó wò ó, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì mu ún tán láìsinmi.

“Àwọ̀ rẹ̀ kò yí. Òórùn rẹ̀ kò yí. Adùn rẹ̀ kò yí,” ó ní. “Omi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kò yí lára rẹ̀, ó mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa, bẹ́ẹ̀ la sì ń kọ́ àwọn ọmọ. Dókítà, o ṣeun. Máa lọ sílé.”

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, wọn kò jẹ́. Ọkùnrin kan ti ń fi kẹrosíìnì fọ ọ̀dà náà kúrò, kẹrosíìnì ń kán sínú kànga, n kò sì lè sọ pé kó rọra. Mo kó ìgò mi, mo jáde. Mo dé ọ̀dọ̀ ìyá mi, mo rojọ́ fún un, mo ní àwọn èèyàn yìí kò fẹ́ gbọ́ òótọ́. Ìyá mi ní, “O kọ nǹkan sí ara ilé onílé, o sì ń retí kí wọ́n dì mọ́ ọ?” Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, torí pé òun tí kò ka iṣẹ́ mi sí ló sọ ọ́.

Ìyàwó ilé ló là mí lójú. Mo lọ bá a níbi ìsọ̀ rẹ̀ ní Ọjà-Ọba, mo ní kí ni mo ṣe tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó ń ká ìbòrí, kò wò mí.

“Àǹtí, ẹ sọ pé ìrun bàbá wa kò gbà.”

“Èmi? Ìgbà wo? Mi ò dárúkọ ìrun!”

“Ẹ ní omi kò mọ́. Nílé tiwa, tí omi ò bá mọ́, àlùwàlá ò sí. Tí àlùwàlá ò bá sí, ìrun ò sí. Bàbá tó gbẹ́ kànga yẹn, nájísì ló fi ṣe sàráà nìyẹn. Gbogbo ọmọ tó jáde níbẹ̀, inú ẹ̀gbin ni wọ́n ti ń kírun. Ohun tí ẹ kọ nìyẹn.”

Mo dúró láàárín ọjà, àwọn èèyàn ń fi èjìká gbá mi kọjá. Ìtìjú mú mi. Ká ní àlejò ni mí, ì bá yé ni. Ìlú yìí ni mo dàgbà sí. Àárín àwọn ọmọ tó ń ṣe àlùwàlá ni mo ti ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo ti bu omi fún ọ̀rẹ́ mi fọ ẹsẹ̀ àìmọye ìgbà. Mo mọ ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀nà méjèèjì, ọ̀nà tèmi nìkan ni mo sì rántí nígbà tí mo di búrọ́ọ̀ṣì mú.

“Èyí tó tún wá burú,” ó ní, “gbogbo ilé ti ń mu omi yẹn gan-an báyìí. Àwọn tó ń ra píọ́ wọ́tà tẹ́lẹ̀ ti jáwọ́. Ìyá ọkọ mi ní n kò gbọ́dọ̀ sè é fún ọmọ mọ́, pé tí mo bá sè é, mo ti gbà pé òótọ́ lẹ sọ.”

Mo bi í bí ara ọmọ ṣe rí. Ó ní kò tíì burú lọ́sẹ̀ yìí. Ó fi ojú sí ilẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé n kò ní fi ilé náà sílẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ ń fi ìgbálẹ̀ lé mi.

Ọjọ́ Àlàmísì ni àwọn ọmọ kéú kì í wá. Mo lọ ní Àlàmísì àkọ́kọ́, wọ́n ní Bàbá ń sinmi. Mo jókòó sórí pákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà títí di Àlàásárì, mo lọ. Àlàmísì kejì, wọ́n ní Bàbá ti jáde, mo sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé. Ẹ̀kẹta, ìyá ọkọ ìyàwó ilé yẹn gbá ìdọ̀tí títí dé ẹsẹ̀ mi, ó ní kí n gbé ẹsẹ̀. Mo gbé e, mo kí i, mo sì gbé e padà sílẹ̀. Ní Àlàmísì kẹrin, Bàbá fúnra rẹ̀ jáde.

“Ṣé o ò níṣẹ́ ni?”

“Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí, Bàbá.”

Ó wò mí, ó jọ pé ẹ̀rín fẹ́ pa á. “Agídí ni ẹ́ o. Wọlé.”

Mo kúnlẹ̀. Mo ní kó má bínú, pé ọ̀rọ̀ ni mo ṣì lò. “Kì í ṣe ìrun yín ni mò ń sọ, Bàbá, n kò sì mọ nǹkan kan nípa ìrun tó gbà àti èyí tí kò gbà. Inú ọmọ yín ni mò ń sọ. Omi náà lè ṣeé fi ṣe àlùwàlá, n kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò ṣeé mu. Ohun tó wà nínú ṣáláńgá yín ń rìn wọ inú rẹ̀ láti abẹ́ òkúta.”

“O rí i tó ń rìn?”

“N kò rí i. Àyẹ̀wò ló sọ fún mi.”

“Èmi ò mọ àyẹ̀wò. Àwọ̀, òórùn, adùn. Fi ọ̀kan hàn mí nínú mẹ́ta.”

Ara mi yá gágá. Mo sọ fún un pé a ní aró kan tí àwa tó ń ṣiṣẹ́ omi máa ń lò, tí kì í pa èèyàn lára. A ó dà á sínú ṣáláńgá, a ó da omi lé e. Bí ọ̀nà bá wà nínú òkúta, aró náà á yọ nínú kànga. Bí kò bá sí ọ̀nà, kò ní yọ.

“Tí kò bá yọ?”

“Màá tọrọ àforíjì níwájú gbogbo ilé, mi ò sì ní wá mọ́.”

“Tó bá yọ?”

“Ẹ̀yin lẹ máa sọ ohun tó túmọ̀ sí, Bàbá. Kì í ṣe èmi.”

Ìdáhùn yẹn ló tẹ́ ẹ lọ́rùn, mo rí i lójú rẹ̀. Ó ní kí a ṣe é. Ó tún pàṣẹ pé títí ìdánwò náà fi máa parí, kí ẹnikẹ́ni má mu nínú kànga, kí wọ́n lọ máa pọn níbi ẹ̀rọ omi àdúgbò kejì. Wọ́n kùn sí mi. Kò sẹ́ni tó kọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, a da aró sí ṣáláńgá, a sì da omi lé e, dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù. Láti ibẹ̀ dé kànga kò ju ogún ìgbésẹ̀ lọ. Lójoojúmọ́ la ń fa omi sínú abọ́ funfun, tí a ń wò ó nínú oòrùn. Ọjọ́ kìíní, kò sí nǹkan. Ọjọ́ kejì, kò sí. Ọjọ́ kẹta, àwọn ọkùnrin ilé ti ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà pé aró Dókítà ti sùn lọ́nà. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀. Òkúta lè là gba ibòmíràn. Ọ̀nà náà lè jìn ju bí mo ṣe rò lọ. Bí aró kò bá yọ, wọ́n á padà sí omi wọn, ọmọ yẹn á sì padà sí i pẹ̀lú wọn, n kò sì tún ní ẹnu tí mo máa fi sọ̀rọ̀ níbẹ̀ mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, ìyàwó ilé fa omi, ó dà á sínú abọ́. Ó kàn dúró. Mo sún mọ́ ọn. Omi náà ti di àwọ̀ ewé, àwọ̀ ewé tó ń tàn nínú oòrùn. Mo rò pé inú mi á dùn. Ẹ̀rù ló bà mí.

Wọ́n gbé abọ́ náà síwájú Bàbá. Ó wò ó pẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní, “Bàbá, aró kì í ṣe nájísì.”

“Òótọ́ ni,” Bàbá dáhùn. “Ohun tó bá a rìn wá ńkọ́?”

Ó pàṣẹ pé kí wọ́n bo kànga, kí ẹnikẹ́ni má fi mu, kí ẹnikẹ́ni má fi ṣe àlùwàlá, títí wọ́n á fi kó ṣáláńgá kúrò níbẹ̀ tí omi á sì fi mọ́. Ìgbà náà ni ìyá ọkọ ìyàwó ilé béèrè ohun tí gbogbo wọn ń rò.

“Bàbá, ìrun wa láti ọjọ́ yìí wá ńkọ́? Ti àwọn bàbá wa ńkọ́?”

“Ẹ fọkàn balẹ̀,” ó ní. “Ohun tí ẹ kò mọ̀, Ọlọ́hun kò ní bi yín. Ọjọ́ tí èèyàn bá mọ̀ ni ìṣirò tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Tiwa bẹ̀rẹ̀ lónìí.”

Ó wá yíjú sí mi. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀. Ó kàn ń parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí olùkọ́ ṣe ń bi àwọn ọmọ kíláàsì léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan ni.

“Dókítà, tìrẹ ńkọ́? Ọjọ́ wo ni ìwọ mọ̀?”

Mo lè dárúkọ ọjọ́ tí mo kun ọ̀dà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ì bá gbà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú Bàbá wà lára mi, n kò sì lè purọ́ níwájú ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òótọ́ tó ká a lára jù láyé.

“Ìgbà ọyẹ́ ni, Bàbá.”

Ìyàwó ilé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọmọ rẹ̀ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Mo rí i tó ń fi àtàǹpàkò ka oṣù lórí ìka rẹ̀.

“Wọ́n ti fa omi sí i lára lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà ọyẹ́, Àǹtí,” ó ní.

Kò pariwo. Ó ń dúró kí n sọ ìdí rẹ̀. Mo wá a. Gbogbo ohun tí mo máa ń sọ ní kíláàsì nípa ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àti ìgbà òjò wà lẹ́nu mi, n kò sì rí ọ̀kan tí mo lè sọ sí ojú ìyá ọmọ. Mo ní, “Ó yẹ kí n ti sọ fún yín.” Ó tún ọ̀já ọmọ rẹ̀ dì, ó wọlé lọ.

N kò padà sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà. Kànga méjìlá ló kù nínú ìwé mi, èsì wọn wà nínú báàgì tí mo gbé kọ́ èjìká, kò sì sí ẹnìkan nínú àwọn onílé tó tíì gbọ́ gbólóhùn kan láti ẹnu mi. Mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí èyí tó sún mọ́ jù. Ìyá àgbà kan ló ń bẹ níwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà, ó kí mi káàbọ̀, ó ti àpótí sún mọ́ mi. Mo kúnlẹ̀ kí i. N kò jókòó.

“Ìyá, omi kànga yín kò ṣeé mu,” mo ní. “Ìgbà ọyẹ́ ni mo ti mọ̀. N kò sọ fún yín.”